Haruna Ishola: Olórin àpàlà tó kọ̀ láti jẹ́ alágbàṣe lórí ohùn ara rẹ̀

Ní ọdún 1948, ọ̀dọ́kùnrin olórin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní His Master's Voice ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ó fi orin náà kì. Àmọ́ nígbà tí àwo náà dé ọjà, kò tà.

Ẹlòmíràn ì bá ti torí èyí pa orin tì. Haruna Ishola Bello, tí wọ́n bí ní ọdún 1919, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó gbà lẹ́yìn ìjákulẹ̀ yìí wúlò fún gbogbo olórin tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe lónìí, láti Èkó dé Kútọnu, títí dé àdúgbò Maourey ní ìlú Niamey.

Òde àríyá ni ọjà rẹ̀ àkọ́kọ́

Bí àwo kò ṣe tà, òde ni Haruna gbájú mọ́. Níbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìwúyè àti ìnáwó òkú àgbà, òun àti àwọn onílù rẹ̀ a tẹ́ ìjókòó, wọn a sì kọrin mọ́jú. Gángan, àgídìgbo, àkúbà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni irin iṣẹ́ wọn. Kò mú gìtá mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í dìde jó káàkiri. Orí ìjókòó ni ó ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ rọ òwe àti oríkì.

Oríkì yìí ni ìpolówó ọjà rẹ̀. Ẹni tí olórin bá kì, tó dárúkọ baba àti ìyá rẹ̀, tó sì yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kì í dá ọwọ́ owó dúró. Ẹni tó jókòó tì í náà a sì máa wo ọjọ́ tí ináwó tirẹ̀ yóò kàn. Nípa bẹ́ẹ̀, òde kan ń bí òde mìíràn.

Ní àárín àwọn ọdún 1950, Ọba Adébóyè kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ní Kánò. Haruna tún orin ọba náà kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ènìyàn rà á. Ikú ọba ti ká gbogbo ènìyàn lára, àmọ́ nǹkan mìíràn tún ti yàtọ̀: àwọn tó ń ra àwo ti mọ ẹni tó ń kọrin, nítorí wọ́n ti rí i lójú agbo.

Ta ló ni orin?

Láyé ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ló ni ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, àwọn náà ló ń tẹ àwo, àwọn náà ló sì ń pín in fún ọjà. Olórin á mú ohùn wá, wọ́n á sì bu iye tó wù wọ́n fún un. Bí àwo bá wá tà bí ẹni ta omi lọ́jọ́ ọ̀dá, ilé-iṣẹ́ ni èrè ń pọ̀ sí lọ́wọ́.

Ní ọdún 1969, Haruna wá nǹkan ṣe sí i. Ó dára pọ̀ mọ́ I. K. Dáíró, olórin jùjú ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tó ti gba oyè MBE láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1963, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ Mùsùlùmí, ìkejì jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà; orin wọn kò jọra, àwọn oníbàárà wọn sì yàtọ̀. Síbẹ̀ wọ́n pa owó àti orúkọ pọ̀. Star Records wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ àwo àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà tó jẹ́ pé àwọn olórin fúnra wọn ló ni ín.

Ní ọdún 1971 ni Oroki Social Club jáde, orin tó fi yin ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ kan ní Òṣogbo. Ó di ọ̀kan lára àwọn àwo tó tà jùlọ nínú ìtàn orin Nàìjíríà. Bí àwọn ọdún 1970 ṣe ń lọ sópin, ó tún kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú rẹ̀.

Ogún tó fi sílẹ̀

Ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari fi oyè MON dá a lọ́lá ní 1981. Ó kú ní 1983, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Kì í ṣe pé gbogbo ìṣòro olórin tán síbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì gba ọjà kan, ó sì jẹ èrè àwọn ilé-iṣẹ́ àwo run. Ṣùgbọ́n iná àpàlà kò kú ní ilé Haruna: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ọmọ rẹ̀, Musiliu Haruna Ishola, fi àwo Sọyọ̀yọ̀ dá orin náà padà sétí àwọn ọ̀dọ́.

Lónìí, ọ̀dọ́ olórin ní Maourey lè fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ayé sì gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò nílò òyìnbó kankan kó tó ṣe é. Àmọ́ ìbéèrè tí Haruna dojú kọ ní 1969 kò tíì kúrò nílẹ̀: nígbà tí orin bá tà, orúkọ ta ló wà nínú ìwé àdéhùn?