Beethoven àti Ariwo Inú Etí

Ìlú Bonn ní ilẹ̀ Jámánì ni a ti bí Ludwig van Beethoven ní ọdún 1770. Ní ọdún 1792 ó ṣí lọ sí Vienna, òkìkí rẹ̀ sì kàn níbẹ̀ nítorí dùrù títẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì pé ọmọ 30 ọdún tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní etí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹlòmíràn kò gbọ́ ọ. Àwọn oníṣègùn fún un ní òróró álímọ́ńdì, wọ́n ní kí ó máa wẹ omi tútù, asán ni. Etí rẹ̀ ń di síwájú sí i.

Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ gbà pé bí etí bá bàjẹ́, tí ìró kò dé inú ọpọlọ bí ó ti yẹ mọ́, ọpọlọ a máa tiraka láti gbọ́. Ìtiraka yìí ni ó ń di ariwo. A kò tíì rí oògùn tí ń wò ó sàn pátápátá, ṣùgbọ́n a ń kọ́ aláìsàn bí yóò ti máa fara dà á.

Ní ọdún 1802, ikú ń wu Beethoven ju ìyè lọ; orin tí kò tíì kọ tán ni ó dá a dúró. Ní ọdún 1824, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Símfónì rẹ̀ kẹsàn-án, akọrin obìnrin kan ni ó yí i padà kí ó lè fi ojú rí àtẹ́wọ́ tí etí rẹ̀ kò gbọ́. Ó kú ní ọdún 1827. Etí rẹ̀ kọ iṣẹ́, òun kò kọ iṣẹ́.