Lord Byron: akéwì tó tọ́jú ajá rẹ̀ títí dójú ikú, tí kò lọ wo ọmọ rẹ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1808, àrùn dìgbòlugi mú ajá ńlá kan nílé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Newstead Abbey, lẹ́bàá ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Boatswain ni orúkọ ajá náà, ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ogún ọdún ló ni ín, ọmọ ilé ọlọ́lá tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sá fún ajá náà. Thomas Moore, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ pé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ló fi ọwọ́ lásán nu itọ́ tó ń dà lẹ́nu ajá náà, torí pé kò tètè mọ irú àìsàn tó ń ṣe é. Ajá kú, ẹni tó ni ín kò kó o.

George Gordon Byron ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, Lord Byron tí gbogbo Yúróòpù padà wá mọ̀. Ọ̀pọ̀ wa tó lọ iléèwé nílùú òyìnbó ti pàdé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé lítíréṣọ̀. Ohun tí wọn kì í sábà kọ́ wa ni ọ̀rọ̀ àwọn ajá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn rẹ̀ ti kan àwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sókè òkun. Àríyànjiyàn kan wà nínú ilé púpọ̀ tí kì í tán: bí ọmọ bá ń náwó lórí ajá tó ń ṣàìsàn, àwọn òbí á béèrè bóyá èèyàn ló ti tán láyé tó fi wá jẹ́ pé ajá ló ń tọ́jú. Ìgbésí ayé Byron gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ. Ó tún gbè sẹ́yìn àwọn òbí.

Ọmọ tó ń tiro

Ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1788 ni wọ́n bí i sí Lọ́ńdọ̀nù. Inú ìyá rẹ̀ ló ti gbé àbùkù ẹsẹ̀ ọ̀tún wá, ó sì ń tiro títí tó fi kú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá rẹ̀ kú, ó sì jogún oyè Lord àti Newstead. Wọ́n gbìyànjú láti tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n dè é mọ́ igi, ìrora nìkan ló rí níbẹ̀. Nítorí náà, láti kékeré ló ti mọ ohun tó ń jẹ́ kí ara máa dun èèyàn kí ìtọ́jú má sì ràn án.

Ó fẹ́ràn ẹranko kọjá ààlà. Nígbà tó wà ní Trinity College ní yunifásítì Cambridge, òfin kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ sin ajá. Byron ra béárì, ó mú un wá síbẹ̀, torí òfin kò dárúkọ béárì.

Ṣùgbọ́n Boatswain ni ààyò. Irú ajá tí wọ́n ń pè ní Newfoundland ni, èyí tó gba orúkọ rẹ̀ lára erékùṣù kan ní Kánádà. Àwọn apẹja ibẹ̀ ló ń lò ó láti fa àwọ̀n àti láti yọ ẹni tó bá já sómi. Akọ rẹ̀ tó ti dàgbà lè wọn 60 sí 70 kìlógíráàmù, bí àgbàlagbà ọkùnrin. Àwọn tó ń sin irú ajá ńlá báyìí lóde òní mọ ìṣòro rẹ̀. Kì í pẹ́ láyé bí ajá kékeré, nǹkan bí ọdún 8 sí 10 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Egungun ìbàdí lè máa yọ wọ́n lẹ́nu, àìsàn ọkàn lè wá, inú sì lè wú lójijì débi pé iṣẹ́ abẹ kíákíá nìkan ló lè gbà á là. Ìwọ̀n ara ni dókítà ẹranko fi ń ka oògùn fún ajá, nítorí náà bí ajá bá ṣe tóbi tó ni owó oògùn ṣe ń pọ̀ tó.

Ti Boatswain kò dé orí ọ̀rọ̀ owó, torí kò sí oògùn. Ọdún 1885 ni Louis Pasteur tó kọ́kọ́ fún ọmọ kan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ní Paris. Títí di òní, bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára, ó ṣọ̀wọ́n kí èèyàn tàbí ajá tó yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì pọ̀ jù sí. Géńdé tó ń fọwọ́ lásán nu itọ́ ajá dìgbòlugi ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀.

Byron sin Boatswain sínú ọgbà Newstead, ó sì kọ́ ibojì òkúta sórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, John Cam Hobhouse, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó wà lára rẹ̀, Byron fúnra rẹ̀ ló kọ ewì tó tẹ̀ lé e. Nínú ìwé ìpíngún tó ṣe ní ọdún 1811, ó pàṣẹ pé kí wọ́n sin òun síbẹ̀ pẹ̀lú ajá náà.

Láti Milan dé Ravenna

Ìwé ewì tó gbé jáde ní ọdún 1812 sọ ọ́ di olókìkí. Ó fẹ́ ìyàwó ní 1815, ìgbéyàwó náà sì tú ká láàárín nǹkan bí ọdún kan. Ọmọbìnrin tó bí, Ada, kò ju ọmọ oṣù kan lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e kúrò nílé. Ada yìí náà ni Ada Lovelace tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń bọlá fún títí dòní. Bàbá rẹ̀ kò tún fojú kàn án mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1816, Byron kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì padà láàyè.

Ítálì ló gbà á. Ó dé Milan ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó gba Verona kọjá, ó sì dó sí Venice ní oṣù kọkànlá. Ibà dá a wó níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1817. Nígbà ooru ó gba ilé ní La Mira, létí odò Brenta, láàárín Padua àti Venice. Ó tún ní ilé kan ní Este, lẹ́bàá Padua, tó fi ya ọ̀rẹ́ rẹ̀, akéwì Percy Shelley, àti ìdílé rẹ̀. Ní 1818 ó kó wọ Palazzo Mocenigo létí Canal Grande ní Venice, ó sì kó ajá, ọ̀bọ àti ẹyẹ kún ìsàlẹ̀ ilé náà. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ Don Juan, ewì rẹ̀ tó lókìkí jù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Padua lè débẹ̀ láàárín wákàtí kan, ọkọ̀ ojú irin kì í pẹ́ dé Venice.

Ìfẹ́ Teresa Guiccioli, ìyàwó ọkùnrin ọlọ́lá kan, ló mú un dé Ravenna. Nígbà tí Shelley kí i níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1821, ó ka ohun tó bá nílé: ẹṣin 10, ajá ńláńlá 8, ọ̀bọ 3, ológbò 5, idì, kannakánná àti àṣá. Yàtọ̀ sí àwọn ẹṣin, gbogbo wọn ló ń rìn kiri inú ilé bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ́ ọ fún. Kó tó parí lẹ́tà tó ń kọ, ó tún pàdé ọ̀kín márùn-ún lórí àtẹ̀gùn.

Allegra

Ẹni kan kò sí nínú ilé yẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1817, Claire Clairmont, àbúrò tí ìyàwó Shelley bá nílé nígbà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ ìyá Claire, bí ọmọbìnrin kan fún Byron. Byron sọ ọ́ ní Allegra, ó sì gbà á sọ́dọ̀ ní Venice ní 1818. Ní oṣù kẹta ọdún 1821, ó fi í sílé àwọn sísítà Kátólíìkì ní Bagnacavallo, ìlú kan tí kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ sí Ravenna. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ìyá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, kò gbà. Shelley lọ wo ọmọ náà níbẹ̀. Allegra fúnra rẹ̀ kọ ìwé sí bàbá rẹ̀ pé kó wá. Kò lọ. Ó kó lọ sí Pisa lópin oṣù kẹwàá láìyà kí i.

Ibà pa Allegra sílé àwọn sísítà náà ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, iye ọdún tí Boatswain lò láyé gẹ́lẹ́.

Kì í ṣe pé Byron kò ní ọkàn. Ikú ọmọ náà bà á nínú jẹ́ gan-an, ó ní kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Harrow, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ìlú tí iléèwé tó lọ nígbà èwe wà, kí wọ́n sì fi òkúta ìrántí síbẹ̀. Àlùfáà ibẹ̀ kọ̀, torí pé kò fẹ́ ìyá ọmọ náà níyàwó. Ọdún 1980 ni òkúta ìrántí tó débẹ̀. Ajá rẹ̀ ti ní ibojì tó gbajúmọ̀ láti 1808. Ọmọ rẹ̀ dúró ju ọdún 150 lọ.

Ibi tí àwọn òbí wa ti jàre nìyí. Ajá kì í béèrè ibi tí o lọ. Kì í rán ọ létí ìlérí, kì í sì í ní ìyá tí o kò fẹ́ rí. Ó rọrùn láti fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ, òbí, àbúrò, wọ́n nira ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì mọ ìtọ́jú ajá kò lè sọ pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èèyàn.

Lyon

Shelley kú sómi ní oṣù keje 1822. Lẹ́yìn náà ni Byron kó lọ sí Albaro lẹ́bàá Genoa. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan ti fún un ní Newfoundland mìíràn ní ọdún 1823, tí wọ́n ń pè ní Lyon. Ní oṣù keje ọdún yẹn ó wọ ọkọ̀ ojú omi Hercules ní Genoa, òun àti Lyon, ó ń lọ ran àwọn ará Gíríìsì tó ń jà fún òmìnira lọ́wọ́ ìjọba Ottoman lọ́wọ́. Ó náwó rẹ̀ sí ogun náà.

Ó gúnlẹ̀ sí Missolonghi, ìlú ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn, ní oṣù kìíní 1824. Lyon kì í jìnnà sí i. William Parry, tó bá a gbé níbẹ̀, kọ̀wé pé lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́, ajá náà ni Byron máa ń bá ṣeré, tó máa ń bá sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ní oṣù kejì, gìrì mú Byron. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, òjò pa á lórí ẹṣin, ibà sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà fi eṣúṣú àti abẹ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra, bó ti lẹ̀ jẹ́ pé ó kọ́kọ́ kọ̀ fún wọn. Ara tí ibà ti sọ di aláìlágbára, wọ́n tún ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin 1824, ẹni ọdún 36. Lyon bá òkú rẹ̀ wọ ọkọ̀ padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hobhouse ló sì gbà á sọ́dọ̀.

Ohun tó kù

Wọn kò sin Byron pẹ̀lú Boatswain, torí ó ti ta Newstead ní 1817 nítorí gbèsè. Westminster Abbey kọ òkú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Hucknall, tí kò jìnnà sí Newstead, ni wọ́n sin ín sí. Ní 1852, Ada ní kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá tí òun kò mọ̀. Ẹni ọdún 36 lòun náà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́bàá Hyde Park, ère Byron wà tí Boatswain jókòó tì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá ńlá ní Turin tàbí níbòmíràn, ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ àìsàn. Ajá kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá: àwọn ọdẹ wa kì í wọ igbó láìsí i, nínú àlọ́ sì rèé, òun ni ẹranko tó gbé ìyá rẹ̀ pa mọ́ nígbà tí àwọn yòókù ń pa tiwọn. Ẹ rí i pé ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin béèrè rẹ̀ kí ajá tó lè kọjá ẹnubodè, ọjọ́ 21 sì gbọ́dọ̀ pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi owó pamọ́ de dókítà ẹranko. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó sùn, ẹ pe màmá yín lórí fóònù. Ìrìn-àjò láti Ravenna sí Bagnacavallo kò gbà ju ìdajì ọjọ́ lọ lórí ẹṣin, Byron sì ní ẹṣin mẹ́wàá.