Cyprian Ekwensi, Ará Oyi Tí Wọ́n Bí Sí Òkè Ọya

Púpọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Umunya ti dé Nkwelle Ezunaka láìmọ̀ pé ìlú baba Cyprian Ekwensi ni, ẹni tí àwọn ọmọ wa ń ka ìwé rẹ̀ nílé-ìwé. Ìjọba ìbílẹ̀ Oyi kan náà ni Nkwelle àti Umunya jọ wà.

Ṣùgbọ́n wọn kò bí i síbẹ̀. Minna ní Òkè Ọya ni wọ́n bí i sí ní 26 September 1921. Ọdẹ erin ni baba rẹ̀, ó sì mọ ìtàn sọ. Àjèjì ni wọ́n níbẹ̀, bí àwa náà ti jẹ́ níbí. Ó gbọ́ Hausa dáadáa. Àwọn ọmọ wa tí Igbo yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ yóò mọ ohun tí a ń wí. Nígbà tó kọ The Passport of Mallam Ilia (1960) àti Burning Grass (1962), ìtàn Fúlàní darandaran, kò kọ ọ́ bí ẹni tó ń yọjú wo ilé onílé láti ojú fèrèsé.

Ọ̀dọ̀ wa ló kàn. Ó ka ìwé ní Government College, Ìbàdàn, ó ṣiṣẹ́ igbó ọba, ó ṣe olùkọ́ ní Igbobi College, ó sì kọ́ṣẹ́ apoògùn dé London. Akọ̀ròyìn inú People of the City (1954) ń jẹ́ Amusa Sango. Amusa àti Ṣàngó lára ẹnì kan! Ó pa wá lẹ́rìn-ín. Akin, ọmọ afọ́jú inú The Drummer Boy (1960), wọ́n ní ara Kokoro, olórin ìgboro Èkó, ló ti mú un.

Jagua Nana (1961) dá ìjà sílẹ̀ nítorí pé aṣẹ́wó ló dá lé lórí. Àwọn ará Ítálì fẹ́ fi ṣe fíìmù, ìjọba kọ̀. Àwa náà kò ní gbé e fún ọmọ ilé-kéú.

Ní 1966, ọ̀gá ni nílé-iṣẹ́ ìròyìn ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Igbo ní Òkè Ọya, níbi tí wọ́n ti bí i. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wá sí Ìlà Oòrùn. Ọ̀pọ̀ àjèjì tó wà níhìn-ín náà di ẹrù wọn lọ lọ́dún yẹn. Ó bá rédíò Biafra ṣiṣẹ́ nígbà ogun, ó sì kọ Survive the Peace ní 1976.

Enugu ló kú sí ní 4 November 2007, lẹ́ni ọdún 86.