Hassan Fathy, Ayàwòrán Ilé Tó Gbé Amọ̀ Ga

Ó ti pẹ́ tí a ti ń ka ìtàn àwọn olóṣèlú, agbábọ́ọ̀lù àti olórin níbí. Lọ́tẹ̀ yìí, ayàwòrán ilé ni mo mú wá. Hassan Fathy ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì ni, ó sì ti lé ní 30 ọdún tó ti kú. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ilé amọ̀ ni ilé ẹni tí kò rówó ra sìmẹ́ǹtì. Ọkùnrin yìí kàwé gan-an, ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ọ̀nà láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1900 ni wọ́n bí i ní Alexandria, ìlú ńlá tó wà létí òkun. Àwọn òbí rẹ̀ rí jájẹ, wọ́n sì ní ilẹ̀ oko, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ò fẹ́ràn abúlé rárá. Lójú bàbá, eṣinṣin, ẹ̀fọn àti omi ìdọ̀tí ló kún ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ti gbé oko ní kékeré, ọkàn rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀. Ìtàn tí ìyá ń sọ ni Fathy gbọ́ dàgbà. Ó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, àmọ́ kò yege nínú ìdánwò àbáwọlé, torí pé ọmọ ìgboro ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù JAMB, ẹ gbọ́ o! Ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ilé ló wá bọ́ sí, ó sì gboyè jáde ní Cairo ní 1926.

Ó ti pé ọmọ ọdún 27 kó tó fẹsẹ̀ tẹ oko àwọn òbí rẹ̀. Ohun tó rí níbẹ̀ bà á lọ́kàn jẹ́. Àwọn tó ń ro oko fún wọn ń gbé inú ahéré tó kéré, tó ṣókùnkùn, tó sì dọ̀tí. Nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìjọba fún un, wọ́n rán an lọ bójú tó kíkọ́ ilé-ìwé kan ní Talkha, ohun kan náà ló tún rí níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn rẹ̀: báwo ni ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ yóò ṣe rí ilé tó dára gbé?

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀, irin àti pákó wọ́n gógó ní Íjíbítì. Fathy wo ilẹ̀, ó rí amọ̀. Ṣebí amọ̀ ni àwọn baba ńlá wọn fi kọ́lé, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ògiri ò nira, òrùlé ni wàhálà. Tí kò bá sí pákó, kí ni yóò gbé òrùlé dúró? Ó gbìyànjú rẹ̀ ní Bahtim, nítòsí Cairo, pé kí wọ́n fi bíríkì amọ̀ ṣe òrùlé tó tẹ̀ kọrọdọ, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìsédò Aswan, ló sọ fún un pé àwọn ará Nubia ní gúúsù ń ṣe irú òrùlé bẹ́ẹ̀ láìfi igi kankan tì í.

Ní 1941, Fathy kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí Aswan lọ wò ó. Ó bá odindi abúlé tí òrùlé wọn jẹ́ amọ̀, tó mọ́ tónítóní, tó sì rẹwà. Ó wá bẹ àwọn bíríkìlà ibẹ̀ kí wọ́n wá kọ́ òun níṣẹ́. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò wọ yunifásítì rí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ mọ ògiri ẹ̀yìn sókè, wọ́n á fi ẹrẹ̀ ya ìlà tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ sára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa to bíríkì tẹ̀lé ìlà náà. Ìlà bíríkì kọ̀ọ̀kan kì í dúró ṣánṣán, ṣe ló máa ń fẹ̀yìn ti èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó já bọ́. Bíríkì náà ò nípọn, ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25, ó fẹ̀ ní 15, ó sì nípọn ní 5 péré. Wọ́n po koríko gbígbẹ púpọ̀ mọ́ ọn kó lè fúyẹ́, wọ́n sì fi ìka fa ìlà sára rẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè dì í mú. Ẹni tó bá sì rò pé irú òrùlé yìí ò lè pẹ́, kó lọ wo àwọn àká tó wà lẹ́yìn tẹ́ńpìlì Ramses Kejì ní Luxor. Bíríkì amọ̀ ni òrùlé wọn, wọ́n sì ti lo ohun tó lé ní 3,000 ọdún.

Kì í ṣe torí owó nìkan ni Fathy fi fẹ́ràn amọ̀. Ògiri amọ̀ tó nípọn kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán tètè wọlé. Ní 1964, wọ́n kọ́ yàrá amọ̀ kan àti yàrá kọnkéré kan sí Cairo láti fi dán an wò. Láàárín wákàtí 24, ooru inú yàrá amọ̀ ò yàtọ̀ ju nǹkan bíi dígírì 2 lọ, ṣùgbọ́n inú yàrá kọnkéré gbóná dé dígírì 36. Fathy tún ń fi àgbàlá sí àárín ilé, kí atẹ́gùn tútù òru lè dúró síbẹ̀. Ó ń mọ ilé atẹ́gùn gíga sórí òrùlé, ó á kọjú rẹ̀ sí àríwá tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń wá, afẹ́fẹ́ á sì gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá. Kò sí fáànù, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, kò sí owó iná.

Iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí gan-an ni ti abúlé Gourna, tó wà ní òdìkejì odò Náílì sí ìlú Luxor. Orí ibojì àwọn ìjòyè ayé àtijọ́ ni àwọn ará ibẹ̀ kọ́lé sí. Wọ́n tó nǹkan bí 7,000. Àwọn àlejò tó ń wá wo ibojì wà lára ohun tó ń bọ́ wọn, àwọn kan nínú wọn sì ń hú nǹkan àtijọ́ jáde, wọ́n ń tà á. Nígbà tí wọ́n jí odindi àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta gbé lọ, ìjọba ní ó tó gẹ́ẹ́, kí gbogbo abúlé kó kúrò. Ní 1945, wọ́n gbé iṣẹ́ abúlé tuntun fún Fathy.

Ó ṣe é tọkàntọkàn. Kò ya ilé kan ṣoṣo kó wá pín in káàkiri bíi yúnífọ́ọ̀mù. Ó wo bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó, ó fi ẹbí sí tòsí ẹbí, ó wá àyè fún ẹran ọ̀sìn. Ó kọ́ mọ́sáláṣí, ọjà, ilé-ìwé, tíátà àti ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti lè kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ó fẹ́ kí aládùúgbò máa bá aládùúgbò kọ́lé, bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe àáró lóko.

Síbẹ̀, kí ọdún 1950 tó dé, iṣẹ́ ti dúró. Apá díẹ̀ nínú ilé tó yà ni wọ́n rí kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń fa ìwé sẹ́yìn, owó kì í jáde lásìkò. Fathy tún ròyìn nínú ìwé rẹ̀ pé àwọn kan nínú abúlé gé òkìtì tí wọ́n fi sé omi, kí omi lè ba ilé tuntun jẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ò kó wá rárá.

Kí ló fà á? Èrò tèmi rèé. Fathy bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún oòrùn àti afẹ́fẹ́, ó tún béèrè bí ìdílé ṣe ń gbé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́, pé ṣé wọ́n tiẹ̀ fẹ́ kó kúrò, ìjọba ti dáhùn rẹ̀ fún wọn kí ó tó débẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ jìnnà sí ohun tó ń bọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni òrùlé rìbìtì tó rẹwà lójú Fathy, orí ibojì àwọn ẹni mímọ́ ni ọ̀pọ̀ ará agbègbè yẹn ti mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà wa ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ilé lè dára, kó má sì jẹ́ ti ẹni tí wọ́n kọ́ ọ fún.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ní ẹbí wa báyìí, wọ́n ń gbèrò láti wó ilé amọ̀ màmá àgbà lábúlé, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ó ń tì wọ́n lójú tí àlejò bá wá. Mi ò ní kí wọ́n má tún un ṣe o, torí ẹsẹ̀ ògiri kan ti ń jẹ, òjò sì ń wọlé lẹ́yìn. A ò sì lè kọ́ òrùlé amọ̀ ti Nubia síbí, òjò wa ò ní gbà. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi koríko bẹẹrẹ bo ilé, tí wọ́n á jẹ́ kó yọ síta dáadáa kí òjò má bàa lu ògiri. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò tíì sí ẹni tó bi màmá àgbà léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Wọ́n ní àwọn á gbé e délé ìpàdé ẹbí oṣù tó ń bọ̀.

Ká padà sí ọ̀dọ̀ Fathy. Ní 1957 ó fi Íjíbítì sílẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì fún ọdún mélòó kan kó tó padà. Ní 1967 ó ń kọ́ abúlé mìíràn ní Baris, nínú aṣálẹ̀, ogun tó jà lọ́dún náà ló dá a dúró. Ó kọ ìtàn Gourna sínú ìwé. Ní 1969 ló kọ́kọ́ jáde ní Cairo, ní 1973 Yunifásítì Chicago tún un tẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀ ọ́n. Ní 1980 ó gba àmì ẹ̀yẹ Right Livelihood àti ti Aga Khan. Ní 1984, òun ni ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé lágbàáyé kọ́kọ́ fún ní àmì ẹ̀yẹ wúrà wọn. Ó kú ní Cairo ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1989.

Mọ́sáláṣí tó kọ́ sí Gourna Tuntun ṣì wà, àwọn ènìyàn ṣì ń kírun níbẹ̀. Àwọn ará Gourna àtijọ́ ńkọ́? Orí òkè wọn ni wọ́n wà títí ìparí ọdún 2006, nígbà tí ìjọba gbé katapílà wá wó ọ̀pọ̀ ilé wọn, tí wọ́n sì kó wọn lọ síbòmíràn. Ó ti lé ní 60 ọdún sígbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ di ayàwòrán ilé nínú wa, kó ka ìtàn ọkùnrin yìí ní apá méjèèjì, ohun tó rí ṣe àti ohun tí kò rí ṣe. Ẹni tí ilé amọ̀ bá sì ṣì wà nílé bàbá rẹ̀, kó wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, kó fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Kó tún wá jókòó ti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, kó bi í léèrè.