Peter Gorer: Ẹni Tí Nobel Kò Bá Láyé
Bí olùkọ́ bá ti dárúkọ H-2, Peter Gorer ni mo máa ń rántí. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1907. Eku tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wọn ń gun ara wọn láti ìran dé ìran ló fi ṣèwádìí. Ó rí i pé eku tó kọ kókó jẹjẹrẹ tí wọ́n gbìn sí i lára pèsè àńtíbọ́dì sí èròjà àjogúnbá tí òun kò ní. Ìyẹn ló di H-2.

Ní 1969, McDevitt àti Chinitz fi hàn pé jíìnì agbègbè yìí ló ń pinnu eku tí yóò pèsè àńtíbọ́dì dáadáa. Jẹjẹrẹ ti pa Gorer ní 1961. Ní 1980, Snell, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, wà lára àwọn tó gba Nobel. Wọn kì í fún òkú. Ẹ jẹ́ kí àwa máa dárúkọ rẹ̀.