Vasco da Gama àti Ọ̀nà tí Àgbọn Gbà Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ní ọdún kìíní wa ní ẹ̀ka yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan ni wọ́n fi kọ́ wa ní ohùn: agbọ̀n tí a fi ń kó ẹrù, agbọ́n tó ń ta ni, àgbọ̀n tó wà lábẹ́ ẹnu, àti àgbọn tí a ń jẹ. Mo kà á títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu. N kò mọ̀ pé àlejò wà láàárín wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni mo ń pè ní àlejò o, èso náà ni.

Ìgbà tí mo gbọ́ pé akị bekee, ìyẹn èkùrọ́ òyìnbó, ni àwọn ará Ígbò ń pe àgbọn ni ara fu mí. Mo wá ìdí rẹ̀ lọ, ẹni tí mo sì bá pàdé lọ́nà ni Vasco da Gama.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: àgbọn mọ omi í wẹ̀. Èèpo rẹ̀ tó nípọn kì í jẹ́ kó rì, ó lè léfòó lórí òkun fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó gúnlẹ̀ kó sì hù. Báyìí ló ṣe tàn ká àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì àti Òkun Íńdíà. Àwọn atukọ̀ Éṣíà náà sì gbé e dé Madagásíkà àti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n kò dá yí ṣóńṣó gúúsù Áfíríkà ká wá bá wa. Omi ibẹ̀ tutù, ọ̀nà sì jìn. Àfi kí ènìyàn gbé e.

Ìlú Sines, létí òkun ilẹ̀ Pọtugí, ni wọ́n bí da Gama sí. Ọba Manuel ló rán an kó wá ọ̀nà orí omi dé Íńdíà, nítorí ata àti èròjà ọbẹ̀. Ó ṣíkọ̀ ní ọjọ́ 8, oṣù Keje, ọdún 1497, pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́rin àti nǹkan bí 170 ènìyàn. Paulo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà nínú wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1498, wọ́n dé Mòsáńbíìkì. Ẹni tó ń kọ ìwé ìrìn-àjò wọn ṣàpèjúwe ọ̀pẹ kan níbẹ̀ tí èso rẹ̀ tóbi bíi bàrà. Coco ni àwọn Àgùdà wá sọ èso yìí, nítorí ihò mẹ́ta ara rẹ̀ jọ ojú iwin tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Wọ́n rí atukọ̀ tó mọ̀nà ní Malindi, wọ́n sì dé Calicut ní ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún.

Àbọ̀ ìrìn náà korò. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò lórí òkun kí wọ́n tó tún rí ilẹ̀ Áfíríkà. Nítorí pé wọn kò rí èso àti ewébẹ̀ jẹ, èrìgì wọn wú, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ kan nítorí kò sí ẹni tó máa tù ú mọ́. Nígbà tí wọ́n dé erékùṣù Santiago ní Cape Verde, àìsàn ti dá Paulo dùbúlẹ̀. Da Gama fi ọkọ̀ tirẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó háyà ọkọ̀ mìíràn, ó sì gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú rẹ̀. Paulo kú ní Terceira kí wọ́n tó délé. Àwọn tó padà kò tó ìdajì àwọn tó lọ.

Ó ṣe mí láàánú, ṣùgbọ́n àánú yẹn kò pẹ́. Ní ọdún 1502, ó padà lọ pẹ̀lú ọkọ̀ ogun. Ó dá ọkọ̀ àwọn alálàájì tó ń bọ̀ láti Mẹ́kà dúró, ó kó ẹrù wọn, ó sì sun ọkọ̀ náà pẹ̀lú ọkùnrin àti obìnrin tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ bí ikú ẹ̀gbọ́n ṣe ń dunni kò ka ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n ẹlòmíràn sí. Ní ọdún 1524, ọba fi í ṣe ajẹ́lẹ̀ ní Íńdíà. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi kú ní Cochin ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ní etíkun tí igi àgbọn pọ̀ sí bí nǹkan míì.

Ọ̀nà tó là yìí ni àwọn Àgùdà gbà gbé àgbọn dé Cape Verde, kó tó dé etíkun wa àti òdìkejì òkun. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó yẹ àbùdá àgbọn tó lé ní 1,300 wò rí ẹ̀yà ńlá méjì, ti Òkun Pàsífíìkì àti ti Òkun Íńdíà. Ti Òkun Íńdíà ni èyí tó wà létí Òkun Àtìláńtíìkì.

Òkun Àtìláńtíìkì yìí náà ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wa gbà lọ. Nígbà tí àwọn Lùkúmí ní Kúbà kò rí obì àbàtà fi bọ òrìṣà, àgbọn ni wọ́n rí. Awẹ́ àgbọn mẹ́rin ni wọ́n ń dà títí dòní, obì sì ni wọ́n ń pè é.

N kò ní yin da Gama. Ṣùgbọ́n n kò lè yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn àgbọn tí à ń rà létí títì Àgbádárìgì. Bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọmọ ọdún kìíní ń ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn nínú kíláàsì, mo máa ń dúró díẹ̀ títí wọ́n á fi ka ìkẹrin.