Akínọlá Láṣekan: Ayàwòrán Ọmọ Ọ̀wọ̀

Nígbà tí mo ní mo fẹ́ yan Fine Art, àwọn kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ó dùn mí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn Akínọlá Láṣekan fún yín.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ọdún 1916 ni wọ́n sì bí i. Nígbà tó ń dàgbà, ibi téèyàn ti lè kọ́ àwòrán yíyà ò tó nǹkan nílẹ̀ wa. Kí ló wá ṣe? Lẹ́tà ló fi ń gba ẹ̀kọ́ láti òkè òkun. Ẹ dán an wò ná, kí tíṣà má dúró lórí yín!

Ní 1944, ó di ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ fún West African Pilot, ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe l'Ékòó. Lash ló ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Òyìnbó ló ń ṣèjọba lórí wa nígbà náà. Ẹni tí ò mọ̀wé púpọ̀, tó bá ṣáà ti wo àwòrán yẹn, á mọ ohun tí à ń bá ìjọba jà sí. Ṣé iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn?

Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Hammersmith School of Art, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò nílé. Ó ya Àjàká, akọni Ọ̀wọ̀. Ní 1957, ó ya J. D. Akérédolú, ọmọ ìlú rẹ̀ tó ń fi ẹ̀gún igi gbẹ́ ère kéékèèké nípa iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ará ilé wa. Ní 1963, ó ya àwọn oníjó Yorùbá tó ń tàkìtì. Ó tún ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka. Ó kú ní 1972.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, tá a bá ti mú pẹ́ńsù, Spider-Man là ń yà. Kò burú. Àmọ́ àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú ń bẹ níbí, ojoojúmọ́ là ń rí wọn. Ta ni yóò yà wọ́n? Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún mi lórí pátákó yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.